Bí Ìyá Àgbà Yín Bá Jẹ́ Òyìnbó: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ẹbí Rẹ̀ Rí Nílùú Ọba

Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé nílùú Ọba ló fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, tí wọ́n sì mú un wálé. Àwọn ìyá wọ̀nyí tọ́ ọmọ ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n gbọ́ Yorùbá débi pé wọ́n ń fi í bá ọmọ wí. Ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sùn sí. Ìdílé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́? Àwọn kan ń kọ lẹ́tà síra wọn títí dọjọ́ ikú. Ní ti àwọn mìíràn, ìgbéyàwó yẹn gan-an ló da àárín àwọn àti òbí wọn rú, wọn kò sì dárúkọ ọmọbìnrin náà mọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ-ọmọ fi lè dàgbà láìmọ ìlú tí ìyá àgbà rẹ̀ ti wá.

Wọ́n ṣeé wá rí. Òyìnbó kò ní oríkì orílẹ̀ tí yóò sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá fún wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé. Ìwé náà pọ̀, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó wà.

Ohun kan ni kí ẹ dì mú ṣinṣin. Ẹni tó ń wá ẹbí tó wà láàyè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti kú, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń gòkè ṣáá ni, wọ́n á máa lé baba ńlá tó gbé ayé ní 1600, nígbà tí wọ́n bá sì débẹ̀, wọn kò rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀. Ìran méjì péré ni kí ẹ gòkè: àwọn òbí ìyá àgbà yín, àti àwọn òbí tiwọn. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn alààyè.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bi wọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó pọ̀, torí bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀, àbúrò kì í fẹ́ já a. Ẹ béèrè orúkọ ìyá náà ní kíkún, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìlú tó máa ń dárúkọ, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, ìjọ tó ń lọ, àti orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò èyíkéyìí tó bá mẹ́nu bà rí. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpótí. Ẹ wá páàsìpọ́ọ̀tù àtijọ́, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, Bíbélì tí wọ́n kọ orúkọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, àti káàdì Kérésìmesì. Ẹ má ṣe ju àpòòwé kankan nù. Àdírẹ́sì ẹni tó kọ lẹ́tà lè wà lẹ́yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ń sọ ìlú àti ọdún. Ẹ yí gbogbo fọ́tò padà kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìkékúrú. Ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Peggy lè jẹ́ Margaret nínú ìwé. Betty lè jẹ́ Elizabeth, Molly tàbí Polly lè jẹ́ Mary, Nellie lè jẹ́ Ellen tàbí Helen. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orúkọ kejì ni wọ́n ń jẹ́ láti kékeré.

Bí wọ́n bá dé sí Nàìjíríà kí ọdún 1960 tó parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá wá, pàápàá ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster tó ń ná Liverpool sí Èkó. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ni àwọn àgbà máa ń rántí jù. Ìwé orúkọ àwọn èrò tó bá ọkọ̀ kúrò nílùú Ọba láti 1890 títí dé 1960 wà ní The National Archives, ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba tó wà ní Kew, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. BT 27 ni wọ́n ń pe àkójọ náà, ẹ sì lè kà á lórí ìkànnì Findmypast tàbí Ancestry. Ẹ wo òpó tó ń sọ ibi tí èrò náà gbé kẹ́yìn kó tó wọkọ̀. Ìyàwó tuntun tó ń lọ bá ọkọ rẹ̀ lókè òkun lè jẹ́ pé ilé òbí rẹ̀ ló ti gbéra, bẹ́ẹ̀ sì ni àdírẹ́sì ilé náà yóò wà níwájú yín.

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, òpó kan lẹ́yìn èkejì

England àti Wales bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 1837. General Register Office, tí wọ́n ń pè ní GRO, ló ń tọ́jú àkójọ yẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè ra ẹ̀dà, ìbáà jẹ́ ẹbí tàbí àjèjì, ibi yòówù kó ti kọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ náà nínú atọ́ka wọn. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì FreeBMD. Ẹ ó rí orúkọ, àgbègbè tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà ìdìpọ̀ ìwé àti ojú ewé. Àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ ó fi ránṣẹ́ sí GRO.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1912, atọ́ka ìgbéyàwó ń kọ orúkọ ìdílé ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó, ó sì ń kọ ti ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ. Ìrọ̀rùn ńlá lèyí jẹ́ fún wa, nítorí orúkọ Yorùbá kò pọ̀ nínú atọ́ka Òyìnbó. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ ilé bàbá ìyá àgbà yín rárá, ẹ fi orúkọ bàbá àgbà yín wá a, tirẹ̀ yóò sì jáde. Kí ẹ sáà dán oríṣiríṣi sípẹ́lì wò. Akọ̀wé tó ń gbọ́ orúkọ Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lè pa lẹ́tà kan jẹ, tàbí kó gé orúkọ kan sí méjì.

Nígbà tí ìwé ẹ̀rí náà bá dé, ẹ jókòó tì í. Ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ló wà lókè, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti àdírẹ́sì wọn tẹ̀lé e. Ẹ má ṣe gbà pé ilé ìdílé ni àdírẹ́sì yẹn dandan. Ó lè jẹ́ ilé àwọn nọ́ọ̀sì tàbí yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé bàbá ti kú, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ìyẹn kò fi hàn pé ó wà láàyè. Ẹ kò ní rí orúkọ ìyá níbẹ̀ rárá, nítorí oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni England àti Wales ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ìyá sínú ìwé ìgbéyàwó.

Ní tèmi, òpó tó ṣe pàtàkì jù ni ti àwọn ẹlẹ́rìí. Bí ẹlẹ́rìí kan bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú ìyàwó, ẹ ti rí ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí òbí tó dúró tì í lọ́jọ́ náà, ìlà tirẹ̀ sì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí àwọn tó bá jáde láti ibẹ̀ lè ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ìdílé ìyàwó kò yọjú. Kí ẹ má ṣe banú jẹ́, ẹ wá ọmọ àwọn ẹlẹ́rìí yẹn níhìn-ín ní Nàìjíríà. Fọ́tò ọjọ́ náà lè wà lọ́wọ́ wọn.

Ìwé ẹ̀rí ìbí

Orúkọ bàbá àti iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ rí lórí ìwé ìgbéyàwó lẹ ó fi mọ ìwé ìbí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ ra èyí tó kún. Oríṣi kékeré kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1947. Kò ní orúkọ òbí nínú, owó yín yóò kàn ṣòfò ni. Èyí tó kún máa ń sọ orúkọ ilé bàbá ìyá ọmọ náà, òun gan-an lẹ ó sì lò jù lọ níwájú.

Títí di 1983, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi to atọ́ka náà, ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀lé, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Òbí ní ọjọ́ 42 láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí oṣù Kẹta lè wà lábẹ́ ìdámẹ́rin ọdún tó parí ní oṣù Kẹfà. Ẹ máa wo ìdámẹ́rin tó tẹ̀lé e kí ẹ tó sọ pé ẹ kò rí i.

Ilé tí wọ́n gbé: 1939, 1921, 1911

Láti 1801 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn nílùú Ọba lọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ṣùgbọ́n 1841 ni ìwé tó ní orúkọ gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà máa ń wà ní títì fún 100 ọdún. Ti England àti Wales fún 1931 jóná ní 1942, wọn kò sì ka ènìyàn ní 1941 nítorí ogun. Fún ẹni tí wọ́n bí ìyá àgbà rẹ̀ ní nǹkan bí 1930, ìwé tó dí àlàfo yẹn ni 1939 Register, tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fún ará ìlú ní káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìpín oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá alààyè, ìwé yìí ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Ó sọ àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí gangan àti iṣẹ́ olúkúlùkù. Nítorí pé ìjọba ṣì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, bí ọmọbìnrin kan bá lọ sílé ọkọ, akọ̀wé sábà máa ń fa ìlà sí orúkọ ilé bàbá rẹ̀, kó sì kọ orúkọ ọkọ sókè rẹ̀. Báyìí lẹ ó ṣe mọ orúkọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà yín jẹ́ nílé ọkọ, láìra ìwé ẹ̀rí kankan.

Ìṣòro kan wà. Wọ́n máa ń bo ìlà ẹni tí kò tíì pé 100 ọdún tí wọ́n bí i, àyàfi bí wọ́n bá mọ̀ pé ó ti kú. Bí ìyá àgbà yín bá jẹ́ ọmọ kékeré ní 1939, tó sì kú sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ìjọba Ìlú Ọba lè má gbọ́ nípa ikú rẹ̀ rárá. Ẹ ó rí àwọn òbí rẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà dúdú nísàlẹ̀ wọn. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Findmypast, wọ́n á ṣí i.

Ìkànìyàn 1921, tí Findmypast kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù Kìíní 2022, ń sọ orúkọ ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń bá ṣiṣẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ó ń sọ bóyá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti kú. Ti 1911 ní adùn tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí olórí ilé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n tọ́jú, nítorí náà ìkọ̀wé baba ńlá yín gan-an lẹ ń wò. Níwájú orúkọ aya, ẹ ó rí iye ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, iye ọmọ tí wọ́n bí láàyè, iye tó ṣì wà, àti iye tó ti kú. Ká ní wọ́n kọ mẹ́sàn-án, mẹ́fà, mẹ́ta: mẹ́ta ti lọ, ó sì yẹ kí ẹ wá orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tún wá àwọn mẹ́fà náà bí wọn kò bá sí nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọbìnrin ọdún 14 lè ti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó ní ìlú mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ Scotland ni wọ́n ti wá, iṣẹ́ yín fúyẹ́ díẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1855, ìwé ìgbéyàwó àti ti ikú wọn sì ń dárúkọ bàbá àti ìyá láti ìgbà náà. ScotlandsPeople ni ìkànnì ìjọba wọn. Ireland ló le jù, nítorí iná tó jó ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba ní Dublin ní oṣù Kẹfà 1922 kó ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Síbẹ̀, ìkànìyàn wọn ti 1901 àti 1911 yè, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì National Archives ti Ireland. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 1837 sẹ́yìn ní England yóò lọ sínú ìwé ìrìbọmi àti ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí Thomas Cromwell pàṣẹ rẹ̀ ní 1538. Ìkànnì FamilySearch ní púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ kò ní gbé yín dé ọ̀dọ̀ alààyè.

Ó di ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ ti mọ orúkọ ìdílé bàbá ìyá àgbà yín, ẹ sì ti mọ orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀. Láti àárín ọdún 1911, atọ́ka ìbí ń kọ orúkọ ilé bàbá ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Ẹ fi orúkọ méjèèjì wá nínú FreeBMD, ẹ má ṣe kọ orúkọ àbísọ kankan, ẹ fi gbèdéke 25 ọdún sí i, kí ẹ sì mú agbègbè tí wọ́n gbé. Gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ yóò tò jáde. Bí orúkọ méjèèjì bá wọ́pọ̀, bíi Jones àti Davies ní Wales, àwọn àjèjì yóò dà pọ̀ mọ́ wọn, ìwé 1939 lẹ ó sì fi yà wọ́n.

Ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wá ìgbéyàwó rẹ̀, atọ́ka yóò sọ orúkọ ọkọ tàbí aya. Ẹ fi orúkọ méjì tuntun yẹn wá àwọn ọmọ wọn bí ẹ ti ṣe ní ìṣáájú. Ẹ má ṣe fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ nítorí pé orúkọ wọn yí padà. Àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń pa lẹ́tà àti fọ́tò mọ́.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kú láìpẹ́, ìwé méjì ló yẹ kí ẹ rà. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí ikú, nítorí ó ń sọ orúkọ ẹni tó lọ forúkọ ikú náà sílẹ̀, bó ṣe jẹ́ sí olóògbé, àti àdírẹ́sì rẹ̀. Èkejì ni ìwé ìhágún. Láti 1858, gbogbo ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ní England àti Wales ló wà nínú atọ́ka kan tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹtí àgbà tí kò bímọ ló wúlò jù níbi ìwé ìhágún, torí irú wọn sábà máa ń dárúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò DNA

Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ Òyìnbó ní àǹfààní kan. Àwọn tó ti ṣe àyẹ̀wò yìí nílùú Ọba pọ̀ gan-an, nítorí náà Òyìnbó èyíkéyìí tó bá bá yín dọ́gba nínú èsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ló ti wá. Bí bàbá tàbí ìyá yín tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ bá wà láàyè, òun ni kí ó ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ lára rẹ̀ ju tiyín lọ. Sẹ́ńtímọ́gàn ni wọ́n fi ń wọn ohun tí ènìyàn méjì jọ ní. Ẹ̀yin àti ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà yín sábà máa ń ní bí 200 sí 250, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé kí ẹ tó fi itọ́ ránṣẹ́. Èsì DNA lè tú àṣírí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí, ẹ kò sì ní lè dá a padà sínú àpò.

Lẹ́tà àkọ́kọ́

Ìwé ni kí ẹ kọ, ẹ má lọ kanlẹ̀kùn. Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí lè má gbọ́ orúkọ ìyá àgbà yín rí. Lẹ́tà tó ti Nàìjíríà wá láti ọ̀dọ̀ àjèjì sì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù nílùú Ọba nítorí ìṣe àwọn oníjìbìtì. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bẹ́ẹ̀, ká sì kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní fi ààyè sílẹ̀ fún ìfura. Ẹ má ṣe mẹ́nu ba owó, ogún, físà tàbí ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tó ń gbé níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́, kó sì fi àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ojú ewé kan tó. Ohun tí ẹ ó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ju báyìí lọ:

“Orúkọ mi ni lágbájá. Ìyá àgbà mi ni lágbájá, tí wọ́n bí ní ìlú báyìí ní ọdún báyìí. Ó fẹ́ bàbá àgbà mi ní ọdún báyìí, ó sì bá a lọ sí Nàìjíríà, níbi tó gbé títí tó fi kú. Ìwé tí mo rí fi hàn pé àbúrò ìyá yín ni. Mo fi fọ́tò rẹ̀ kan àti ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ sínú àpòòwé yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ béèrè: ǹjẹ́ ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ rí? Bí ẹ kò bá fẹ́ fèsì, mo gbà tọkàntọkàn.”

Fọ́tò yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ yan èyí tó yà nígbà èwe rẹ̀, kí wọ́n lè rí ojú ìyá tiwọn lára rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe fi ojúlówó lé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí èsì bá dé, ẹ máa rọra. Ẹ má ṣe tú gbogbo ìwádìí yín dà sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì ṣe bi wọ́n léèrè ìdí tí bàbá wọn fi lé àbúrò rẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fọ́tò: ẹ ní kí wọ́n bá yín ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú, pàápàá èyí tí ìyá náà wà láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè kò gbọdọ̀ dé orí Facebook tàbí orí ìkànnì ìdílé kankan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà kejì, kí ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì sọ nínú rẹ̀ pé ẹ kò ní kọ òmíràn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀, kí ẹ padà sórí àwọn ọmọ ìyá tó kù, kí ẹ mú ìlà ẹlòmíràn nínú wọn.